Electropolishing: ohun tó ń ṣe fún páàtì irin, àti bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Páàtì irin tí wọ́n bá ṣe electropolishing fún, ó máa ń fúyẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Wọn ò kun nǹkan kan sí i lára, wọn ò fi irin mìíì bò ó, ara irin yẹn gan-an ni wọ́n ń yọ kúrò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iye tí wọ́n sì sábà máa ń yọ lójú kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi micron 10 sí 40, ẹ rántí pé micron 1,000 ló wà nínú milimítà kan ṣoṣo. Plating ló ń fi nǹkan kún irin, òun ló dà bí kéèyàn wọ aṣọ tuntun sórí ara tí ò tíì wẹ̀, electropolishing ní tiẹ̀, ìwẹ̀ gan-an ni. Dídán tó ń dán gbinrin yẹn dáa o, òun náà ló máa ń wu èèyàn tó fi ń sanwó, àmọ́ lójú tèmi òun ló kéré jù nínú àǹfààní ẹ̀, ẹni tó bá sì torí dídán nìkan ṣe é lè ṣe gbogbo ẹ̀ tán kó má jèrè nǹkan kan.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Táǹkì kan máa wà tí omi ásíìdì gbígbóná wà nínú ẹ̀. Wọ́n á so páàtì mọ́ ẹnu pọ́sítíìfù rectifier, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná AC di DC, wọ́n á so irin pẹlẹbẹ mìíì mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, wọ́n á wá ri méjèèjì bọnú omi yẹn láìjẹ́ kí wọ́n fara kanra. Tí iná bá ti ń lọ, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò kúrò lára páàtì, háídírójìn á sì máa hó jáde lápá nẹ́gẹ́tíìfù.

Kí ló wá dé tó fi ń dán, tí kì í kàn jẹ irin kúrẹkùrẹ bí ásíìdì lásán ṣe máa ń ṣe? Ojú irin, bó ti wù kó jọ̀lọ̀ lọ́wọ́ wa tó, òkè àti kòtò ló kún ibẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi máíkírósíkópù wò ó. Bí irin ṣe ń yòrò, omi kan tó ki, tí irin tó ti yòrò pọ̀ nínú ẹ̀, á bo gbogbo ojú páàtì. Omi kíki yẹn á kún inú kòtò, á sì fẹ́lẹ́ lórí òkè, iná á wá ráyè dé orí òkè ju inú kòtò lọ, ni òkè bá ń yòrò kíákíá tí kòtò ò fi bẹ́ẹ̀ yòrò, títí tí wọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Pierre Jacquet, ará Faransé, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi kíki yìí láwọn ọdún 1930, àlàyé ẹ̀ ṣì wúlò títí dòní, torí tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé omi kíki yẹn ló ń ṣiṣẹ́, ẹ máa mọ ìdí tí ooru, iye volt àti bí omi ṣe pọ̀ tó nínú ásíìdì fi lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Àǹfààní ẹ̀ gan-an

Mo máa kọ́kọ́ mẹ́nu ba ìpẹtà, torí stainless ni wọ́n máa ń ṣe é fún jù. Stainless kì í tètè dípẹtà nítorí chromium tó wà nínú ẹ̀, ó kéré tán 10.5%, chromium yẹn ló máa ń bá ọ́síjìn pàdé tó fi ń di awọ fẹ́lẹ́ kan tójú ò lè rí. Nígbà tí wọ́n bá ń gé e, tí wọ́n ń jó o pọ̀, tí wọ́n ń fi gíráńdà họ ọ́, awọ yẹn ń bàjẹ́, èérún irin lásán sì tún ń lẹ̀ mọ́ ọn lára, èérún yẹn ló máa kọ́kọ́ dípẹtà tí ẹni tó ni ín á wá máa pariwo pé wọ́n ta ayédèrú stainless fóun. Tí electropolishing bá ń lọ, èérún yẹn á yòrò dànù, irin lásán (iron) àti nickel tó wà lójú páàtì náà á yára kúrò ju chromium lọ, chromium á wá pọ̀ lójú páàtì ju bó ṣe pọ̀ nínú ẹ̀ lọ, awọ tuntun tó bá hù síbẹ̀ á sì lágbára ju ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlànà ASTM B912 àti ISO 15730 fi gbà á bí ọ̀nà láti dáàbò bo stainless lọ́wọ́ ìpẹtà.

Èkejì ni ìmọ́tótó, ibí yìí sì ni fífi ọwọ́ dán irin ti máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ mú páàtì méjì tí ẹ̀rọ kà pé Ra wọn dọ́gba, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn bí ojú irin ṣe rí gbágungbàgun sí, wọ́n fi sáńpépà àti búfù dán ọ̀kan, wọ́n ṣe electropolishing fún èkejì. Lábẹ́ máíkírósíkópù, ẹ máa rí i pé ojú èyí tí wọ́n fi búfù dán kún fún ìlà, irin ti ya lélẹ̀ ó sì ti ká bo ara wọn, yanrìn sáńpépà àti òróró ti há sábẹ́ ibi tó ká bò yẹn. Kòkòrò àti ìdọ̀tí máa ń rí ilé sí irú ibẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe electropolishing fún ò ní nǹkan tó ká bò ó, ìdọ̀tí ò rí ibi dì mú, omi á sì fọ̀ ọ́ kúrò wẹ́rẹ́. Ìdí tí ilé iṣẹ́ oògùn, ti wàrà àti ti ohun mímu fi ń bèèrè ẹ̀ fún páìpù àti táǹkì wọn nìyẹn, ìlànà ASME BPE tí wọ́n ń lò fún ẹ̀rọ ìpoògùn náà sì ya ojú irin tí wọ́n ṣe electropolishing fún sọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ṣóńṣó wínníwínní tó máa ń kù sí etí irin lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e tàbí tí wọ́n lu ihò sí i, èyí táwọn tọ́nà ń pè ní burr. Iná fẹ́ràn ibi tó bá ṣe ṣóńṣó, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ, torí náà páàtì kéékèèké tọ́wọ́ tàbí fáìlì ò lè wọ inú ẹ̀ á mọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Stent tí wọ́n ń fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀, okùn irin ibẹ̀ tín-ín-rín débi pé kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fi búfù wọ ibẹ̀ tí ò ní tẹ̀.

Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde pátápátá náà kì í fi ṣeré, torí ojú tó bá jọ̀lọ̀ kì í gba omi àti gáàsì pa mọ́ra, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á tètè tán. Ihò irin niobium inú àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń mú kí electron sáré, bíi ti European XFEL ní Jámánì, electropolishing ni wọ́n ṣe fún wọn. Ẹ sì tún fi sọ́kàn pé torí páàtì wà lápá pọ́sítíìfù, háídírójìn ò ráyè wọ inú ẹ̀ sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́ bí plating ṣe lè ṣe.

Ibi tí kò ti lè ran yín lọ́wọ́

Kì í dí ihò. Ìlà jíjìn tí gíráńdà fà á ṣì wà níbẹ̀, etí ẹ̀ nìkan ló máa rọ̀. Ibi tí wọ́n jó pọ̀ tó bá ní ihò nínú, ṣe ló máa ṣí ihò náà síta fún gbogbo ayé rí, wẹ́dà tí ò dáa ò ní lè fara pa mọ́. Stainless 303 tí wọ́n fi sulfur sí kó lè rọrùn fún tọ́nà láti gé, sulfur yẹn máa ń yọ kúrò fi ihò kéékèèké sílẹ̀, ẹ má retí dígí níbẹ̀ rárá. Irin dídà tó ní oríṣiríṣi nǹkan nínú, pàápàá irin dídà aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń pè ní gray cast iron, kì í jáde dáadáa, torí apá kan máa ń yára yòrò ju ìkejì. Ohun kan tún wà táwọn tó ń ta iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ sọ: ó lè mú kí páàtì tó ń gbọ̀n tàbí tó ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn pẹ́ kó tó ṣẹ́, torí ó ń yọ ibi tí ìsán ti ń bẹ̀rẹ̀ kúrò, àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n ti yìnbọn èérún irin lu ojú páàtì yẹn tẹ́lẹ̀ kó lè le, electropolishing á yọ lára ojú líle yẹn, ẹ sì lè pàdánù ohun tẹ́ ẹ ti sanwó fún.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ mọ irin yín, kẹ́ ẹ sì ṣètò ojú ẹ̀

Stainless 304 àti 316L ló rọrùn jù. Aluminium, titanium, bàbà, nitinol (àdàlù nickel àti titanium), gbogbo wọn ló ṣeé ṣe, àmọ́ oníkálukú ló ní omi tiẹ̀, bàbà fún àpẹẹrẹ, phosphoric acid nìkan tó fún un láì sí ooru, volt bíi 2 náà sì ti tó. Tẹ́ ẹ ò bá mọ irú irin tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ wádìí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọwọ́ dán an dé ibi tó yẹ. Electropolishing sábà máa ń dín Ra kù, ó lè dé ìdajì, kò lè ṣe ju agbára ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó parí sí 0.4 micron, ẹ má gbé ti 3.2 wá, ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà mú un dé nǹkan bíi 0.8. Sáńpépà tẹ́ ẹ ti lò fún irin dúdú, ẹ má fi kan stainless.

Ìgbésẹ̀ 2: ẹ ṣírò ẹ̀

Ẹ má fo ibí o. Ká ní irin 304 pẹlẹbẹ kan wà, sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀. Ojú méjèèjì jẹ́ 200 cm², ìyẹn 2 dm². Tá a bá fẹ́ ampere 20 fún dm² kọ̀ọ̀kan, rectifier gbọ́dọ̀ lè gbé ampere 40. Ká ní a fẹ́ yọ micron 20 lójú kọ̀ọ̀kan: micron 20 jẹ́ 0.002 cm, 200 ìgbà 0.002 jẹ́ 0.4 cm³, stainless wúwo tó bíi giramu 8 fún cm³ kan, torí náà ohun tó máa lọ jẹ́ giramu 3.2. Ampere kan tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan máa ń yọ stainless bíi giramu 0.7 tí nǹkan kan ò bá ṣòfò, 3.2 pín sí 0.7 jẹ́ nǹkan bíi 4.6, ẹ pín ìyẹn sí 40, ó di 0.115 wákàtí, ìyẹn bí ìṣẹ́jú 7. Ní tòótọ́ ó máa ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí iná kan ń bá ọ́síjìn lọ. Ẹ wọn páàtì náà lórí òṣùwọ̀n tó ń ka giramu sí wẹ́wẹ́ kó tó wọlé, ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá jáde tó sì gbẹ, tó bá dín ní 3.2 a jẹ́ pé micron 20 ti lọ lóòótọ́, ẹ ò nílò kẹ́nikẹ́ni wá máa fi ẹnu dídùn sọ fún yín pé ó ti tó.

Ibi tí èèyàn ti máa ń jìn sí kòtò ni pé micron 20 lójú kọ̀ọ̀kan máa ń mú kí ọ̀pá yíká tẹ́ẹ́rẹ́ sí i ní micron 40, ihò á sì fẹ̀ sí i ní micron 40. Igun àti etí máa ń pàdánù ju àárín lọ. Tírẹ́ẹ̀dì bóòtù àti nọ́ọ̀tì máa ń tú ju bó ṣe yẹ lọ, torí náà ẹ bo ibẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ sọ fún tọ́nà kó fi àyè sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: ẹ fọ̀ ọ́

Òróró, ìka ọwọ́, ìdáná wẹ́dà, gbogbo ẹ̀ ló máa dí iná lọ́nà. Ẹ fi ọṣẹ alkaline gbígbóná fọ ọ̀rá kúrò, ẹ ṣàn án, kẹ́ ẹ wá gbé e dúró kẹ́ ẹ wo bómi ṣe ń ṣàn lára ẹ̀: tómi bá tẹ́ pẹrẹsẹ láìjá, ó ti mọ́, tó bá ń ṣẹ́ di ẹ̀kán ẹ̀kán, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn. Dúdú tí ooru wẹ́dà fi sílẹ̀, ásíìdì tí wọ́n fi ń họ irú ẹ̀ ló máa yọ ọ́, ẹ má retí pé electropolishing á bá yín gbé e.

Ìgbésẹ̀ 4: ẹ so ó kọ́

Ìkọ́ bàbà tàbí titanium ni wọ́n máa ń lò. Ó gbọ́dọ̀ di páàtì mú gírígírí, torí tó bá ń mì, iná á máa ta pàrà níbẹ̀, á sì jó ibẹ̀ di dúdú. Ibi tí ìkọ́ bá ti di páàtì mú ò ní dán, torí náà ẹ yan ibi tójú ò ní máa wò. Ẹ fi í sípò tí afẹ́fẹ́ á fi lè sá jáde, ihò tó dojú délẹ̀ máa gbé afẹ́fẹ́ pa mọ́ inú, ibẹ̀ ò sì ní ṣiṣẹ́ rárá.

Irin nẹ́gẹ́tíìfù, stainless tàbí bàbà tàbí lead, ẹ tò wọ́n yíká kí jíjìnnà wọn sí páàtì dọ́gba. Inú páìpù máa nílò ọ̀pá nẹ́gẹ́tíìfù tó wọ àárín ẹ̀ gbọọrọ, torí iná ò ní fúnra ẹ̀ wọ inú páìpù gígùn.

Ìgbésẹ̀ 5: omi táǹkì

Fún stainless, phosphoric acid àti sulfuric acid ni wọ́n ń pò pọ̀, omi tó wà níbẹ̀ kì í pọ̀. Ooru ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 50 sí 80 °C. Tí ẹ bá ní láti fi omi sí i, ásíìdì lẹ máa rọra dà sínú omi, ẹ ò gbọ́dọ̀ da omi sínú ásíìdì láé, á ta sí yín lójú. Táǹkì tí wọ́n fi lead tàbí ike polypropylene ṣe inú ẹ̀ ló lè gbà á. Ẹ máa dé e tẹ́ ẹ bá ti ṣíwọ́, torí ásíìdì yìí máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, tómi bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀, páàtì á jáde pẹ̀lú ojú funfun tí kò dán. Irin tó ń yòrò sínú ẹ̀ náà ń kóra jọ, tó bá pọ̀ jù, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í burú díẹ̀díẹ̀, ó sì yẹ kẹ́ ẹ yọ apá kan dànù kẹ́ ẹ fi tuntun rọ́pò ẹ̀.

Ẹ wọ gíláàsì ojú, ìbojú, ìbọ̀wọ́ gígùn, épírọ́ọ̀nù, kí fáànù tó ń fa èéfín síta sì máa ṣiṣẹ́. Háídírójìn tó ń hó jáde lè gbiná, torí náà ẹ pa rectifier kẹ́ ẹ tó fa páàtì sókè, iná tó bá ta pàrà lórí ìhó yẹn lè bú.

Àti pé ẹni tó bá sọ pé kẹ́ ẹ lo perchloric acid, ẹ sá fún un. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1947, táǹkì perchloric acid àti acetic anhydride tí wọ́n fi ń dán aluminium bú gbàù ní Los Angeles, èèyàn 17 kú, àwọn tó fara pa lé ní 100.

Ìgbésẹ̀ 6: ẹ tan iná

Volt 6 sí 18 ni wọ́n sábà ń lò, ìṣẹ́jú 2 sí 20, ó wà lọ́wọ́ iye tẹ́ ẹ fẹ́ yọ. Ampere ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí volt tẹ̀ lé e. Tí iná bá kéré jù, omi kíki yẹn ò ní dúró dáadáa, ásíìdì á kàn máa jẹ irin lójú, á ṣú. Tó bá pọ̀ jù, ọ́síjìn á máa hó lára páàtì, á fi ihò àti ìlà tó dúró gbọọrọ sílẹ̀ níbi tó gbà sá lọ sókè. Ẹ rọra máa mi ìkọ́ náà kí afẹ́fẹ́ lè já kúrò, ẹ má rò ó bí ẹni ń ro ọkà, torí tẹ́ ẹ bá fọ omi kíki yẹn dànù, ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an lẹ fọ̀ dànù.

Ìgbésẹ̀ 7: ẹ ṣàn án kíá

Ẹ jẹ́ kó ro díẹ̀ lórí táǹkì kí ásíìdì má bàa ṣòfò, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí ásíìdì tó bá gbẹ mọ́ ọn á fi àbàwọ́n sílẹ̀. Omi, lẹ́yìn náà nitric acid díẹ̀ láti yọ awọ phosphate fẹ́lẹ́ tó kù, omi míì, kẹ́ ẹ wá fi omi gbígbóná tí kò ní iyọ̀ kankan nínú parí ẹ̀, á gbẹ fúnra ẹ̀. Ihò àti ibi tí irin méjì ti lẹ̀ mọ́ra ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù, ásíìdì máa ń sá pa mọ́ síbẹ̀, á sì máa yọ jáde lọ́jọ́ kejì.

Omi tẹ́ ẹ fi ṣàn án àti ásíìdì tó ti gbó, chromium àti nickel wà nínú wọn, ẹ ò gbọ́dọ̀ dà á sí gọ́tà. Ẹ gbé e fún àwọn tó níwèé àṣẹ láti pa irú ẹ̀ run.

Ìgbésẹ̀ 8: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa bèèrè

Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ka Ra ẹ̀ níbi kan náà tẹ́ ẹ ti kà á tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo etí àti inú ihò. Tí ojú ẹ̀ bá rí bí èèpo ọsàn, ìgbà míì irin yẹn gan-an ni hóró inú ẹ̀ tóbi jù, kò sí ohun tí táǹkì lè ṣe sí i.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé e fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, èyí tó bọ́gbọ́n mu fún ẹni tí páàtì ẹ̀ ò pọ̀, ẹ má kàn kọ "ẹ bá mi ṣe electropolishing" sórí ìwé. Ẹ kọ irú irin tó jẹ́, iye micron tó gbọ́dọ̀ lọ, Ra tẹ́ ẹ fẹ́ kó parí sí, ibi tí wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, ibi tí ìkọ́ lè ti dì í mú, àti ASTM B912 tó bá jẹ́ ìpẹtà lẹ torí ẹ̀ wá. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹyọ kan ránṣẹ́, látara irin kan náà, tí wẹ́dà kan náà jó, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n kó tó lọ láìsọ fún wọn.